Ìtẹ́ Kejì

“Ìbákà kọ́ nìyẹn, Mama,” Hajarat ní, ó na bírò sí ẹyẹ kan lórí igi dogonyaro ẹ̀yìnkùlé. “Ẹ wo ojú ẹ̀, dúdú ni.”

Bàṣírátù gbójú sókè nídìí ìkòkò ìrẹsì. Láti ogún ọdún tó ti ń gbé Sabon Gari, ìbákà ló ń pe ẹyẹ náà nítorí ìyẹ́ rẹ̀ tó dà bí ìyeyè. Ó wá wo ìtẹ́ tó so rọ̀ lábẹ́ ẹ̀ka, tí ẹnu rẹ̀ dojú kọlẹ̀.

“Ẹ̀gà ni,” ó gbà. “Abájọ tí kì í dákẹ́. Kọ ẹ̀gà síbẹ̀.”

Iṣẹ́ ilé-ìwé ọmọ ni. Ìrẹsì tó wà lórí iná jẹ́ ti àwọn tó ń kan páànù ilé tuntun tí Rájí, ọkọ rẹ̀, ń kọ́ ní Yankaba. Gbogbo Sátidé ló ń dáná fún wọn. Rájí kò tíì mú un débẹ̀, ó ní kí òrùlé kọ́kọ́ parí, ṣùgbọ́n Bàṣírátù ti rán kọ́tìnì sílẹ̀.

“Akọ ló máa ń hun ìtẹ́,” Hajarat ń ka ìwé rẹ̀. “Tó bá tẹ́ abo lọ́rùn, á wọlé, á yé ẹyin. Akọ á wá bẹ̀rẹ̀ òmíràn fún abo mìíràn.”

Bàṣírátù rẹ́rìn-ín. “Aláìnítìjú. Kí ni wọ́n wá ń pe ti àkọ́kọ́?”

Hausa ni ọmọ náà fi dáhùn, bí ìṣe rẹ̀. “Ita ce uwargida. Ta biyun kuma, amarya.”

Ìyálé, ìyàwó tuntun. Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Bàṣírátù. Láti ìgbà ààwẹ̀ ni Rájí kò ti pe Bàṣírátù ní ‘Ìyá Hajarat’ mọ́, tó ń pè é ní Uwargida. Àwọn ọlọ́jà náà ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó kà á sí ọ̀wọ̀, ó tiẹ̀ ń fi yangàn fún àwọn ará ilé. Inú bí i sí ara rẹ̀ gan-an. Ó gbọ́ Hausa ju Rájí lọ.

Rájí wọlé, ó gbé kúlà oúnjẹ dání. “Uwargida, ṣé ó ti jinná?”

“Ó ti jinná. Bàbá Hajarat, ta ni amarya tó ni ilé Yankaba?”

Rájí wo ọmọ, ó wo igi. “Ta ló sọ fún ẹ?”

Bàṣírátù bu ìrẹsì fún Hajarat, ó bu tirẹ̀, ó sì ní kí ọmọ lọ pe àwọn ọmọ inú ilé wá pẹ̀lú àwo wọn.

“Kúlà yìí ńkọ́?” Rájí béèrè.

“Ẹ gbé e lọ fún amarya. Àwọn tó ń kan páànù rẹ̀ ò tíì jẹun.”