Ìgèrè Onígèrè

Ọwọ́ Rájí wà nínú ìgèrè onígèrè nígbà tí ilẹ̀ mì.

Àrọ̀ mẹ́ta ló wà nínú ìgèrè náà. Ó ti di ọ̀kan mú lórí, òmíràn sì ń fi ìrù na ọwọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé òòyì ló kọ́ òun. Àfi bí ìró kan ṣe jáde láti ìsàlẹ̀ odò Erinlẹ̀, ìró tó wúwo ju ti àrá lọ, tí kò sì wá láti òkè. Omi hó. Ẹrẹ̀ abẹ́ omi rú sókè, òórùn rẹ̀ sì gba imú ọkùnrin náà. Èèyàn kò tíì lè ka Fátíhà tán kí gbogbo rẹ̀ tó rọlẹ̀. Nígbà tó máa wo ọwọ́ rẹ̀, ẹja tó ń jà ti kú. Ó gbọ̀n ọ́n wò, kò mira. Níwájú rẹ̀, epìyà bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ikùn funfun sókè.

Rájí yìí kì í ṣe èèyàn lásán o. Olórí àwọn apẹja ni ní ìhà ibẹ̀ ní Ẹdẹ, ó sì ti tó ọdún mọ́kànlélógún tó ti wà lórí ipò náà. Ṣùgbọ́n láti ọdún méjì ni làkúrègbé ti wọ ọwọ́ rẹ̀, gbogbo ìka rẹ̀ wú, ó rí kókókókó bí atalẹ̀. Kò lè hun ìgèrè mọ́, kò lè so okùn kó le, bẹ́ẹ̀ ni kò lè wa ọkọ̀ dé ibi tí omi ti jìn. Kó wá bẹ ẹnì kan pé kó ran òun lọ́wọ́ ńkọ́? Rájí kẹ̀? Ẹnu tó fi ń pàṣẹ létí odò kọ́ ni yóò fi tọrọ ẹja. Ó kúkú yá a lára kó máa jí i.

Àsìkò ìrun àsùbáà ló máa ń lọ, nígbà tí àwọn apẹja tó ń kírun bá wà ní mọ́sáláṣí. Àwọn tí kì í kírun kì í sì í kan omi kí ilẹ̀ tó mọ́, èèwọ̀ ilé wọn ni. Ìgèrè Zakariyah nìkan ló máa ń tú. Ará Sẹ̀kọ̀nà ni Zakariyah, ọmọ Ẹdẹ ló fẹ́, ibẹ̀ ló sì jókòó sí tó ń pẹja. Ìgèrè rẹ̀ kì í jìnnà sí bèbè. Ìdè ẹnu rẹ̀ máa ń dẹ̀ bíi pé ojú oorun ló ti so ó. Téèyàn bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ó tú. Rájí a máa rẹ́rìn-ín nínú ara rẹ̀. Àwọn ọmọ Sẹ̀kọ̀nà wọ̀nyí, wọn ò mọ ìgèrè í dè.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, kò rẹ́rìn-ín. Ó da òkú ẹja padà sínú omi, ó gba ọ̀nà mọ́sáláṣí lọ, ìgbà tí wọ́n ń sálámà ló bá wọn. Gbogbo àwọn tó foríkanlẹ̀ ló kúkú mọ̀ pé ilẹ̀ mì. Wọ́n ní àwọn tó ń fọ́ àpáta lójú ọ̀nà ìlú Ará ni. Ọdún kẹfà rèé tí àwọn yẹn ti ń mi ilé mọ́ wọn lórí, ará Ẹdẹ ò bi ilẹ̀ ní ìbéèrè mọ́. Kò sẹ́ni tó rántí pé ọjọ́ Àìkú ni, àti pé àwọn afọ́pàáta kì í yin ẹ̀tù kí oòrùn tó kan àtàrí.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ, ojú odò ti funfun fún òkú ẹja. Ifáṣeun, ẹni tó tẹ̀ lé Rájí nínú àwọn apẹja, tí ilé wọn ń bọ Erinlẹ̀, dúró ní bèbè. Ó ní ẹnì kan ti da gàmálínì, oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó, sínú odò. Ó ṣẹlẹ̀ rí. Ọmọ kan jẹ nínú ẹja ìgbà náà, kò rí ọjọ́ kejì. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ṣòfin: ẹni tó bá da oògùn sómi, àáké ni wọ́n ó fi la ọkọ̀ rẹ̀, kò sì ní í pẹja níbẹ̀ mọ́ láéláé.

Wọ́n wá ilé kiri. Nílé Zakariyah ni wọ́n ti rí ìgò gàmálínì kan, tó rà fún oko kòkó àna rẹ̀. Wọn kò tíì já ìdérí rẹ̀. Ifáṣeun ní ẹni tó ra ọ̀kan lè ra méjì. Ó tún ní wọn ò rí Zakariyah ní mọ́sáláṣí láàárọ̀. Zakariyah ní ilé lòun ti kírun torí pé oyún ń dààmú Kúlúsúmù, ìyàwó òun. Ta ló rí i? Ìyàwó rẹ̀ náà ni.

Olórí ló máa ń bi apẹja kọ̀ọ̀kan léèrè ibi tó wà. Rájí bi wọ́n títí, ó kan gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó ń bi olórí.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló lè gba Zakariyah sílẹ̀, ẹnu Rájí ló sì wà: ẹja wà láàyè lọ́wọ́ mi, ilẹ̀ mì, ẹja kú. Ṣùgbọ́n wọn á béèrè pé inú ìgèrè ta ni ọwọ́ rẹ̀ wà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà yìí wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́, ó ń wò ó. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ̀sín ẹlòmíràn kì í pa ni.

Zakariyah dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó gbójú sókè, kò wo Ifáṣeun, Rájí ló ń wò.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé n kò ṣe é."

"Èmi ò mọ nǹkan kan," ni Rájí wí.

Olórí náà ló máa ń kọ́kọ́ sọ àáké. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e. Ifáṣeun dì í mú ní ìgbọ̀nwọ́, wọ́n jọ gbé e sókè, wọ́n jọ sọ ọ́ kalẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni Zakariyah fi gbẹ́ ọkọ̀ náà. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi sọ ọ́ di igi. Ó jókòó ti bèbè títí wọ́n fi ṣe é tán, kó tó dìde lọ sílé.

Lẹ́yìn ìrun àìlà, wọ́n ń kó òkú ẹja jọ kí wọ́n lè rì í mọ́lẹ̀ ni ilẹ̀ tún mì. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú gbogbo wọn ló ṣe. Ògiri ilé tó wà nítòsí là. Ẹrẹ̀ rú. Àrọ̀ ń fò jáde láti inú omi, ó ń ta sí bèbè bí àgbàdo nínú agbada gbígbóná, epìyà sì tún kọ ikùn sókè.

"Ilẹ̀ ni," ni ẹnì kan wí.

Kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnì kejì. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà. Ẹ sì má rò pé wọ́n sáré lọ bẹ̀ ẹ́ o. Ẹja tí kò ní oògùn nínú, ẹja jíjẹ ni. Abọ́ àti agbọ̀n ni wọ́n sáré lọ gbé. Wọ́n wá igi tí wọn ó fi yan án, igi kò jìnnà: ọkọ̀ Zakariyah wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ti là, omi tó wà lára rẹ̀ á jẹ́ kó rú èéfín dáadáa. Ifáṣeun ló ki igi àkọ́kọ́ bọ iná, kò gbójú sókè. Wọ́n ṣa àrọ̀ mẹ́ta tó tóbi jù fún olórí gẹ́gẹ́ bí ìṣe, wọ́n ní kí wọ́n gbé e lọ sílé fún un, pẹ̀lú igi ọkọ̀ náà tí ilé rẹ̀ yóò fi yan án.

Ìrọ̀lẹ́ ni Kúlúsúmù wọlé tọ Rájí. Ẹrù wà lórí rẹ̀, wọ́n ń padà sí Sẹ̀kọ̀nà. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i bó ṣe yẹ, ó sì gbé ìgèrè kan síwájú rẹ̀.

"Ọkọ mi ní kí n gbé e fún yín, Bàbá. Ó ní òun ti so ìdè rẹ̀ bí òun ṣe máa ń so ó."

Rájí béèrè ìdè wo.

"Èyí tí ọwọ́ yín lè tú. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń so ó bẹ́ẹ̀, tó sì ń dẹ ẹ́ sí bèbè. Ó ní ọwọ́ ń dùn yín, ẹ ò sì ní í fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀."

Rájí béèrè ìdí tí ọkọ rẹ̀ kò fi sọ ọ́ létí odò.

"Èmi náà bi í," ni Kúlúsúmù wí. "Ó ní òun ò lè dójú ti àgbà láwùjọ."

Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó gbé ẹrù rẹ̀ rù, ó sì jáde.

Èéfín ẹja ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Rájí fa okùn ẹnu ìgèrè náà lẹ́ẹ̀kan. Ó tú. Ó fẹ́ so ó padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó ń so ó títí wọ́n fi pe ìrun mọ̀gàríbì, ìka rẹ̀ kò gbà.