Ràhámọ̀tù Kí Agathe Lópin Poro

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, ẹ tún sún mọ́ mi díẹ̀. Ìtàn ọ̀rẹ́ méjì ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí. Ọ̀kan ti kú, èkejì wà láàyè, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ẹkún. Ẹni tí ó bá ti yọ aṣọ ìnujú, kí ó dá a padà sápò.

Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ràhámọ̀tù àti Agathe ṣe é ní ìlú Idigny títí irun wọn fi funfun. Ọmọ mùsùlùmí ni ọ̀kan, ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni èkejì. Ràhámọ̀tù dúró ti oko. Agathe kàwé títí ó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n ohun ọ̀gbìn ní yunifásítì, tí àwọn òyìnbó ń ránṣẹ́ pè é kí ó wá bá wọn sọ̀rọ̀ iṣu. Síbẹ̀, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ẹ ó rí i ní Idigny, òun àti àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀, wọ́n ti ká aṣọ sókè, wọ́n ń roko lẹ́bàá Ràhámọ̀tù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀wẹ̀, iṣẹ́ oko àjùmọ̀ṣe, lọ́hùn-ún. Ẹni tí ó bá ro poro tirẹ̀ dé òpin kì í ṣàdédé nàró. Yóò tẹ̀ síbẹ̀ títí ẹnìkejì rẹ̀ yóò fi ké pé, "Lágbájá ńkọ́?" Gbogbo oko a sì dáhùn pé, "Ó ṣe é yọrí!" Ìgbà náà ni yóò tó na ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá jáde láìjẹ́ pé a kí i, ó sá fún iṣẹ́ nìyẹn. Láti kékeré, Ràhámọ̀tù ni í kí Agathe, Agathe ni í kí Ràhámọ̀tù.

Nígbà tí Agathe wá kú ní Kútọ̀nú, tí wọ́n ń gbé e bọ̀ wá sin sílé, ohun kan ṣoṣo ni ó ń jẹ Ràhámọ̀tù lọ́kàn: bí ilẹ̀ bá gba ọ̀rẹ́ òun láìjẹ́ pé a kí i, a ti sin ín bí ọ̀lẹ.

Ó lọ bá Crépin, ọmọ ẹ̀gbọ́n Agathe, tí ń ṣètò ìsìnkú, lábẹ́ àtíbàbà. Kóòtù wà lọ́rùn Crépin, òógùn bò ó.

"Crépin, ìgbà wo ni ó kàn mí?"

"Ẹ̀yin kẹ̀, Ìyá? Ẹ jọ̀wọ́, ètò ti kún. Rẹ́kítọ̀ yunifásítì yóò sọ̀rọ̀, mínísítà rán aṣojú, àwọn kan tún ti Faransé wá."

"Ọ̀rọ̀ tèmi kò gùn tó irùngbọ̀n rẹ yìí."

Crépin fọwọ́ pa àgbọ̀n. "Ìyá, kò sí àyè. Ìṣẹ́jú kan péré ni ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀. A ó dìde, a ó dákẹ́."

"Ẹ ó dákẹ́ ṣe kí ni?"

"Kí á fi bu ọlá fún Tántì Agathe ni."

Ràhámọ̀tù wò ó bí ẹni tí ó rí ewúrẹ́ tí ó wọ bàtà. "Agathe tí kì í dákẹ́ bí ó bá ń jẹun? Ó dáa. Ta ni ó ni ìṣẹ́jú náà?"

"Tántì náà ni, Ìyá."

"Ó parí."

Ó lọ jókòó. Wọ́n sọ Faransé títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn dìde. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ràhámọ̀tù rìn dé ẹ̀gbẹ́ pósí, ó ké:

"Agathe ńkọ́?"

Ẹnikẹ́ni kò fèsì. Àwọn ará Idigny ń wo ojú àwọn àlejò, ìtìjú dì wọ́n lẹ́nu. Crépin káwọ́ lérí. Ràhámọ̀tù mọ̀ pé ìkíni tí a kò dáhùn burú ju àìkíni lọ. Ó tún ké:

"Mo ní, Agathe ńkọ́?"

"Ó ṣe é yọrí!"

Àárín àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni ohùn ti wá. Cyriaque ni, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọ́sí, tí ó máa ń sùn lórí ẹní nílé Ràhámọ̀tù nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Agathe, tí ọkọ́ ti bó lọ́wọ́. Ó ti di ọ̀gá báyìí, ó wọ ẹ̀wù ńlá, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ni àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbè é, ará Idigny gbà á lẹ́nu wọn, àtíbàbà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí kúrò lórí òpó.

Ràhámọ̀tù kò dúró mọ́:

"Ọmọ a-jí-bá-ìrì-pàdé-lóko ńkọ́?"

"Ó ṣe é yọrí!"

"A-bá-mínísítà-jẹun-má-gbàgbé-iṣu-sísun ńkọ́?"

"Ó ṣe é yọrí!"

"Ìyá," Crépin ń pariwo, "ìṣẹ́jú kan ni mo wí o!"

"Ṣebí Agathe ni ó ni ín? Ó ní kí n ṣì máa lò ó!"

Ẹ̀rín gba ibẹ̀ kan. Aṣojú mínísítà ká ìwé ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ kà, ó tì í bọ àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Crépin tú bọ́tìnnì kóòtù, ó ki èjìká bọ abẹ́ pósí, ohùn tirẹ̀ ni ó sì ròkè jù nígbà tí wọ́n ń gbé Agathe lọ. Ẹsẹ̀ wọn yá bí ẹsẹ̀ ẹni tí ń ti oko ìkórè bọ̀. Ràhámọ̀tù ni ó ṣíwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọnrangandan.

Falilatou, ọmọ Ràhámọ̀tù, ni ó sọ ọ́ fún mi níbi tí a ti ń ṣẹ́ àgbàdo. Ó wà níbẹ̀, ó bá wọn gbè é títí ohùn fi há a fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ó ṣe gbé e fún mi ni mo ṣe gbé e fún yín.