Ẹ Má Yà fún Bàbá Ògúntádé

Ohun tó máa ń bí àwọn awakọ̀ Èkó nínú ni kí èèyàn má yà fún wọn lọ́nà. Ti Bàbá Ògúntádé ti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó yàtọ̀ pátápátá: bí ẹ bá yà fún un, ìjà dé nìyẹn. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́ ná.

Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ réluwéè. MG pupa kan ló ní, mọ́tò kékeré tí kò ní òrùlé, tó rà lọ́wọ́ òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí ìyẹn ń padà sílùú wọn. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà, nítorí ó ti dé Èkó tipẹ́ kí ìjọba tó ní ká fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, ká máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tó yá, Bàbá kó àwọn tó fẹ́ràn irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ jọ láti Yábàá, Súrùlérè àti Mùṣín, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n fi í ṣe alága. Adùnọlá wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì tí kì í bẹ̀rù ohunkóhun tó bá ti ní táyà. Yẹ̀kínnì náà wà níbẹ̀, mẹkáníìkì Mùṣín tó tú àfọ́kù mọ́tò mẹ́ta kó tó rí ẹyọ kan tò. Sylvester, olùkọ́ ìṣirò ní Yábàá, ló wọlé gbẹ̀yìn, nítorí náà òun ló ń gbé ọtí fún gbogbo wọn. Bí ẹgbẹ́ wọn ṣe rí nìyẹn: ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ẹ̀gbọ́n. Sylvester ju Adùnọlá lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ òun ló ń ṣí ìgò fún un, ó sì ń dùn ún dé egungun.

Lọ́dún tí wọ́n ń parí gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá ní Iganmu, wọ́n rí ọ̀nà tuntun kan lápá ibẹ̀, tí wọ́n ti da ọ̀dà sí ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì ṣí fún ará ìlú. Ọ̀nà náà lọ yípo, ó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbàṣẹ, wọ́n sáré níbẹ̀, Bàbá sì gba ipò kìíní. Ipò kìíní wo? Jíà há mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó kọjá rẹ̀! Ó wo dígí ẹ̀yìn, ó rí gbogbo wọn tí wọ́n tò tẹ̀lé e wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni ń lọ sìnkú. Wọ́n gbé ife fún un, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá gbé ife délé, ó jù ú sí kọ́ńà, Ethel ìyàwó rẹ̀ sì mú un, ó ń fi bu gàrí.

Ọ̀rọ̀ ìbá tán síbẹ̀, àmọ́ dókítà ojú sọ fún Bàbá pé nǹkan funfun kan ti ń bo ojú rẹ̀. Ó ṣì lè wakọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n tí ọdún bá ti parí, kó gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́. Ethel nìkan ló mọ̀. Ó dun Bàbá wọra. Látọjọ́ tó ti ń wa MG náà, tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó sì ń tò ó padà, kò tíì sẹ́ni tó bá a sáré dénú. Ṣé bí yóò ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn, tí kò ní mọ̀ láé bóyá òun tiẹ̀ mọ mọ́tò wà? Ó fẹ́ sá eré kan ṣoṣo tó jẹ́ eré kó tó ṣíwọ́.

Ni wọ́n bá pàdé ní pálọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan láti ṣètò eré mìíràn. Yẹ̀kínnì ní àwọn fọ́káníṣà Mùṣín yóò fún wọn ní àlòkù táyà tí wọ́n máa tò síbi tí ọ̀nà bá ti yà. Adùnọlá ní ẹni tí kò bá dé akoto kò ní tẹ ojú ọ̀nà, òun ò fẹ́ máa rán orí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣètò ẹni tí yóò ju àsíá, wọ́n ṣètò omi, wọ́n ṣètò àgbá òfìfo. Bàbá wá húkọ́.

"Ó ku ohun kan," ó ní. "Ẹ ò gbọdọ̀ yà fún mi mọ́."

Sylvester gbé ìgò tó ń ṣí kalẹ̀.

"Háà, Ẹ̀gbọ́n!" Sylvester ní. "Kí n wá kọjá yín bẹ́ẹ̀? Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún màmá mi?"

"Lánàá, ní Ojú Ẹlẹ́gbà, kọ̀ǹdọ́ bọ́ọ̀sì tí mo bí bàbá ẹ̀ lọ́mọ ní kí n gbé páànù mi kúrò lọ́nà!" Bàbá fìbínú sọ. "Gbogbo Èkó ló ń kọjá mi, ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń wárí!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹsẹ̀ mi ni," Yẹ̀kínnì ní. "Tí mo bá ní kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á ní àgbà ló wà níwájú yẹn o."

Bàbá ní kí wọ́n búra. Àwọn kan fi Bíbélì búra, Yẹ̀kínnì fi Kùránì. Wọ́n lọ dán an wò ní Iganmu nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Inú Bàbá dùn nígbà tí Yẹ̀kínnì sún mọ́ ọn, tí imú mọ́tò méjèèjì fi dọ́gba. Àfi bí Yẹ̀kínnì ṣe yíjú, tó rí i, tó fọwọ́ kan akoto.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n!"

Ló bá gbẹ́sẹ̀ sókè, ó padà sẹ́yìn. Díẹ̀ ló kù kí Bàbá bẹ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò tó ń sáré kó lọ fọ́ ọ létí.

Wọ́n padà sí pálọ̀, Bàbá fajú ro. Ethel gbé àkàrà gbígbóná wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i," ó ní. "Ọmọ Yábàá ni mí. Nígbà tí Bàbá Fúnmi mú mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó, ọmọdékùnrin kan wà nínú agbo ilé wọn, Abọ́dúndé, tí ikun ṣì ń yọ nímú ẹ̀. Èmi àgbàlagbà, mo kúnlẹ̀ kí i! Mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹ̀, 'ọkọ mi' ni mò ń pè é. Nítorí kí ni? Ó ti wà nílé kí n tó dé. Ẹni tó bá wọlé gbẹ̀yìn ni àbúrò gbogbo ilé, ì báà hewú lórí, ì báà hewú nírùngbọ̀n." Ó gbé àwo kalẹ̀. "Kí ló dé tí Bàbá Fúnmi ò kúrò nínú ẹgbẹ́, kí wọ́n tún padà wọlé?"

Wọ́n ń wo ara wọn. Yẹ̀kínnì ní kò lè rí bẹ́ẹ̀ láé. Adùnọlá ní ó lè rí bẹ́ẹ̀, àbí òfin ẹgbẹ́ kọ́ nìyẹn? Sylvester ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè.

"Mo fara mọ́ ọn," ó ní, ojú rẹ̀ ń dán. "Mo fara mọ́ ọn gidigidi."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọtí gbígbé ti sú ọmọkùnrin náà!

Bàbá dìde, ó bọ́ fìlà alága, ó gbé e lé Adùnọlá lórí, ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn. Ó dúró níta, ó wá kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?" Adùnọlá béèrè látinú ilé.

"Èmi ni. Ògúntádé. Mo fẹ́ wọ ẹgbẹ́ yín."

"Kó dúró ná," Sylvester ní. "À ń jẹ àkàrà."

Wọ́n sì jẹ́ kó dúró lóòótọ́, lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀! Àwọn aládùúgbò tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ ń kí i, wọ́n ń wò ó tìyanutìyanu, Bàbá sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ìgò ni wọ́n nà sí i pé kó máa ṣí.

Ọjọ́ eré pé. Táyà wà níbi tí ọ̀nà ti yà, àpótí báńdéèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adùnọlá nínú mọ́tò rẹ̀, mọ́tò méje tò. Àsíá wálẹ̀, wọ́n gbéra.

Bàbá ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó wo dígí ẹ̀yìn, ó rí wọn tí wọ́n tò, ọkàn rẹ̀ bá rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó ní sínú. Kò tíì rò ó tán tí nǹkan kan fi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fàà, eruku bo gíláàsì rẹ̀. Adùnọlá ni. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

"Ó kọjá mi!" Bàbá pariwo. "Ẹ gbà mí o, ó kọjá mi!"

Igbe ayọ̀ ni o. Yẹ̀kínnì ló tún dé. Ó bá Bàbá dọ́gba, ó yíjú, ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sókè síbi akoto.

"Yẹ̀kínnì!" Bàbá kígbe. "Ta ni àbúrò?"

Yẹ̀kínnì gbójú kúrò, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Àbúrò, yà o!" ó ké, ó sì lọ.

Àwọn mẹ́ta yòókù ti jìnnà sẹ́yìn, ó wá ku Sylvester, tí òun kò ṣeré rárá. Ó gba ọwọ́ òsì, Bàbá dí i. Ó gba ọwọ́ ọ̀tún, Bàbá ti wà níbẹ̀. Òógùn bo Bàbá, ẹnu rẹ̀ gbẹ, kò rántí ojú, kò rántí dókítà. Níbi tí ọ̀nà ti yà kẹ́yìn, Sylvester ki imú mọ́tò bọ àárín. Bàbá fa jíà, jíà tó máa ń há yẹn, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. MG ké, ó yí, ó jáde síwájú. Sylvester gba àgbá òfìfo kan dànù, ariwo rẹ̀ gba gbogbo Iganmu. Bàbá ṣe ipò kẹta.

Sylvester bọ́ sílẹ̀, ó gbá ilẹ̀kùn mọ́tò dé. Inú ń bí i gan-an.

"O dínà mọ́ mi!" ó jágbe. Kò tilẹ̀ mọ ohun tó ti ẹnu òun jáde. "Ọtí mi dà?"

Bàbá ṣí ìgò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n," ó ní.

Nígbà tó délé, Ethel ń fi ife bu gàrí.

"Ẹ káàbọ̀. Ipò kìíní náà ni?"

"Ẹkẹta." Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó lára ògiri.

Ethel wo kọ́kọ́rọ́, ó wo ojú rẹ̀. "Ṣé wọn ò yà fún yín?"

"Sylvester ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ di báyìí," Bàbá ní, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ méjèèjì.