Àbúrò Mi Tí Wọ́n Ń Pè Ní Màmá

Ẹ jókòó, kí n ròyìn àlá tí mo lá lọ́sàn-án àná fún yín. Orí bẹ́ǹṣì ọsibítù ni oorun ti gbé mi, níbi tí èmi àti àbúrò mi, Fadérera, ti ń dúró de dókítà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Fadérera. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni kò ti ga sí i mọ́. Ó hu ewú lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélógún, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ohùn rẹ̀ ti di tín-ín-rín, egbò ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì jinná. Ọdún kẹrin rèé tí a ti ń wá ẹni tó máa sọ ohun tó ń ṣe é fún wa.

Nínú àlá náà, a dé iwájú akọ̀wé kan. Ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó ni Màmá?"

Mo ní, "Àbúrò mi ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni."

Ó ní kí n mú ẹ̀rí wá. Ìwé ọjọ́ ìbí Fadérera yọrí jáde nínú ọ̀rá tí mo gbé e sí, ó ní, "Òótọ́ ló sọ. Ìkìrun ni wọ́n ti kọ mí, lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn ìkómọ."

Akọ̀wé mi orí. "Ìwé tó bá ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ mú Màmá lọ sí yàrá ojú."

Dókítà ojú kò wò ju ojú lọ. Ó ní, "Ojú arúgbó ni," ó yọ méjèèjì sínú abọ́ kan, ó ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ti ẹsẹ̀ ní ìtọ̀ ṣúgà ni, ó gba ẹsẹ̀. Ti awọ ara fún wa ní ìpara, ó gba awọ. Nígbà tí a máa fi kúrò ní yàrá keje, ohùn Fadérera nìkan ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rántí pé ẹnì kan ṣoṣo ló ni gbogbo rẹ̀.

Ohùn náà ní, "Bùọ̀dá Ládípọ̀, ẹ má gbàgbé ẹsẹ̀ mi o."

Mo ní, "Mo ti kọ nọ́ńbà yàrá rẹ̀ sílẹ̀."

Òkè igi máńgòrò ni ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ọsibítù léfòó sí, wọ́n sì ti gbé àkàbà lọ fún àtúnṣe. Mo fò títí mo fi dé ibẹ̀, mo gbé fáìlì kalẹ̀.

"Ọ̀gá, mo rò pé àìsàn ìdílé ni. Àǹtí Ọlátóún, àbúrò bàbá wa, tètè hu ewú bákan náà, kò sì pé ọdún márùndínláàádọ́ta tó fi kú. Wọ́n ní ayé ló ṣe é. Mo kọ ọ́ sí ojú ìwé kejì."

Ọ̀gá ṣí ojú ìwé kejì, ó wò ó dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ìgbà náà ni mo rí i pé ó ti di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, àǹtí wa lẹ ń jẹ yẹn."

"Ilé ni kí ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ ẹbí," ni òbúkọ wí. "Ẹ mú Màmá lọ tò pẹ̀lú àwọn tó ti fẹ̀yìn tì."

Ìgò kékeré kan tí ẹ̀jẹ̀ Fadérera wà nínú rẹ̀ wúkọ́ lórí tábìlì. "Èmi mọ ohun tó ń ṣe é. Bàbá fún un ní àbùkù àjogúnbá kan, ìyá fún un ní èkejì. Ọ̀kan ṣoṣo kì í pa ẹni tó gbé e lára. Méjèèjì tó pàdé ló ń sọ ọ́ di arúgbó láìtọ́jọ́. Ẹ sáà yẹ̀ mí wò."

Òbúkọ ní kó lọ gba nọ́ńbà.

Inú bí mi débi pé mo di ìwo rẹ̀ mú. Mo ní, "Ta ló máa wo odidi ọmọ yìí?" Ilẹ̀ ọ́fíìsì là, mo jábọ́.

Mo tají. Fadérera jókòó tì mí, ó pé, tojú tẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan dúró níwájú wa pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́.

Ó ní, "Ta ló mú Màmá yìí wá?"

Mo ti ń dìde láti jà, ṣùgbọ́n Fadérera ṣáájú mi. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí."

Nọ́ọ̀sì wo káàdì, ó wo Fadérera látòkè délẹ̀, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì tì wá. "Ẹ má bínú. Ìgbà wo ni irun yín bẹ̀rẹ̀ sí í funfun? Ṣé ẹlòmíì wà nínú ẹbí yín tó ṣe báyìí rí?"

Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń retí ìbéèrè yẹn. Nígbà tó dé, mo fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ara. Fadérera ló ń ka ẹbí wa fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.