Ta Ló Gbé Fíìmù Yìí Wọlé?

Orin ni Fèyísọ́lá kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wọlé sí apátímẹ́ǹtì wọn ní Carrollton l'Amẹ́ríkà. Orin ọ̀hún dùn, àmọ́ àyà rẹ̀ já nígbà tó rí ohun tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Kátúùnù àtijọ́ ni: àwọn èèyàn dúdú bí èédú, ètè wọn wú bíi búrẹ́dì, wọ́n ń jó yí ìkòkò ká. Ọ̀rẹ́olúwa, ọmọ rẹ̀, ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́.

Ọ̀dọ̀ Rosemary lọkàn rẹ̀ lọ. Òyìnbó aládùúgbò tó ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní kúkì ṣáá yẹn, ṣé lásán ni? Ó ti ń ro ohun tó máa lọ sọ sí i lójú.

“Ta ló fún ẹ ní fíìmù yìí?”

“Daddy.”

Dàpọ̀ ọkọ rẹ̀ yọjú láti kíṣìnì tẹ̀rín-tẹ̀rín. “Mo wá a títí! Òun la máa ń wò n'Ìbàdàn nígbà tí mo wà lọ́mọdé.”

“O ò rí i pé àwa ni wọ́n yà síbẹ̀ ni?”

“Àwa kẹ̀? Gbogbo wa rò pé ọ̀bọ ni.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ọ̀rẹ́olúwa.

Fèyísọ́lá pa tẹlifíṣọ̀n. “Ohun tí ẹni tó yà á fẹ́ kẹ́ ẹ rò náà nìyẹn.”