Ìgbọ̀nwọ́ Òsì

Kò sí ẹni tó ń ṣe àlùwàlá bíi Sàlíhù ní gbogbo àdúgbò wọn ní Mushin, tilé toko ló sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ló ń ṣe nítòsí Ojúwòyè. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni àwọn ẹlòmíràn fi ń wẹ ọwọ́ wẹ ẹsẹ̀ kí wọ́n tó kírun, òun a lo wákàtí kan. A fọ ìgbọ̀nwọ́, ọkàn rẹ̀ a ní omi ò kan ibì kan, a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn náà, a pe ìyàwó rẹ̀ kó wá bá òun wò ó. Ìyàwó a ní omi ti kàn án. Ìtura yẹn kì í pé ìṣẹ́jú méjì.

Àwọn ará mọ́sálásí ò rí àìsàn níbẹ̀ o, ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni wọ́n rí. Ta ni yóò sì bá ẹni tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run wí? Alhaji Muadh, alága ìgbìmọ̀ mọ́sálásí, fún un ní kẹ́tùlù tuntun níwájú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ máòlúdì, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Wọ́n tún kó àwọn ọmọ ilé-kéwú wá kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń ṣe àlùwàlá gidi. Mẹ́ta nínú wọn ti sùn lọ kí Sàlíhù tó dé orí ẹsẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣírò ni pé Sàlíhù kì í bá wọn kírun mọ́. Kó tó dé, wọ́n á ti parí. Bó ṣe rí náà nìyẹn lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì Motọ́lání, ọmọ rẹ̀ àgbà. Lẹ́yìn ìrun àyílà ni wọ́n ń so yìgì ní mọ́sálásí wọn, bàbá ìyàwó ló sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ fa ọmọ fún ọkọ. Àbúrò Sàlíhù ló fa Motọ́lání fún ọkọ, nítorí Sàlíhù ṣì wà nídìí ẹ̀rọ omi ìta mọ́sálásí. Àwọn èèyàn ní ẹkún ọmọ ló ń sun. Motọ́lání ní tirẹ̀ gbà pé bàbá òun ò fẹ́ràn ọkọ òun. Kò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ọjọ́ iléyá nìkan ló ń yà sílé.

Ìgbà tó wá kan Mujeebah, àbíkẹ́yìn, ìyẹn ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní bí bàbá òun ò bá sí níbẹ̀, òun ò ní jẹ́ kí wọ́n so yìgì kankan, kí ọkọ máa lọ. Òun náà ló mú bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Yábàá.

Èèyàn ò lè ní òun ń lọ gba ìtọ́jú ní Yábàá ní Mushin kí wọ́n má rò pé orí rẹ̀ ti dàrú, nítorí náà Sàlíhù ń sọ fáwọn èèyàn pé ọjà Tẹ̀júoṣó lòun ti ń lọ ra abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ. Kó má baà di irọ́, ó ń rà á lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló fi lọ. Abẹ́rẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ò ní lò ó tán.

Beulah ni ọmọbìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ń jẹ́. Sàlíhù ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe àìsàn, ìwà òun ni, fínnífínní ni Ọlọ́run dá òun. Beulah bi í bóyá ó máa ń padà lọ wo nọ́ọ̀tì tó bá ti dè sára ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Sàlíhù ní rárá o, tóun bá ti dè é, ó parí.

"Ẹ wò ó, Bàbá," Beulah ní, "tó bá jẹ́ ìwà yín ni, ṣé kò ní tẹ̀ lé yín dé ṣọ́ọ̀bù? Àìsàn ni. Ó kàn lọ bá yín níbi tó máa dùn yín jù ni."

Inú bí Sàlíhù díẹ̀ pé ẹni tí kò kírun rí ló rí ohun tí odindi ìgbìmọ̀ ò rí. Ṣùgbọ́n ó gba òfin méjì tí Beulah fún un. Kó fọ ibi kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe wí, kó sì dìde, bí ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ ń pariwo. Ìkejì, kó má bi ẹnikẹ́ni mọ́ bóyá omi kan ibì kan.

Ọjọ́ yìgì pé. Ó fọ ìgbọ̀nwọ́ òsì lẹ́ẹ̀mẹta, ọkàn rẹ̀ ní ó gbẹ. Ó tẹjú mọ́ ọn títí, ó dìde. Ó wọ mọ́sálásí, ó sì bá wọn kírun àyílà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Wọ́n kírun tán, kò sẹ́ni tó dárúkọ yìgì. Àṣé ìgbìmọ̀, nítorí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí i, ti sún àsìkò yìgì síwájú ní wákàtí kan kí Sàlíhù lè ráyè ṣe àlùwàlá rẹ̀ tẹ́rùn. Ọkọ ìyàwó ṣì wà ní Ìpọ̀nrí. Wọn ò sọ fún Sàlíhù kí ojú má baà tì í. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó, tòun ti ìgbọ̀nwọ́, tí ẹ̀rọ omi sì ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Alhaji Muadh rí ibi tí ojú rẹ̀ wà. Àánú ṣe é. Ó lọ pọn omi kún kẹ́tùlù tí wọ́n kọ orúkọ sí, ó gbé e wá, ó ní kó lọ tún un ṣe, àyè ṣì wà.

Sàlíhù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀.

"Ẹ ṣé, Alhaji," ó ní. "Àìsàn ni. Yábàá ni wọ́n ti ń tọ́jú mi."

Alhaji Muadh wo orúkọ tó wà lára kẹ́tùlù, ó sì lọ jókòó. Nígbà tí ọkọ ìyàwó dé, tí Lèmọ́mù pe bàbá ìyàwó, Sàlíhù dáhùn, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ fa Mujeebah fún ọkọ.

Lẹ́yìn àdúà, Motọ́lání jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé àwọn obìnrin, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Ó bi í bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tòun náà nìyẹn. Sàlíhù ní bẹ́ẹ̀ ni, pé òun fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ wá fóun tún ṣe. Motọ́lání sunkún, kò sì fi pamọ́.

"Ìdí fèrèsé ni mo jókòó sí, Bàbá," ó ní nígbà tó nu ojú tán. "Mo rí yín tí ẹ ń fọ ìgbọ̀nwọ́ òsì yẹn. Omi náà..."

"Má sọ fún mi," Sàlíhù ní.

Motọ́lání pa ẹnu dé. Ó di ọwọ́ òsì náà mú títí tí wọ́n fi pín mọ́ínmọ́ín dé ọ̀dọ̀ wọn.