Nọ́ńbà Kan Ṣoṣo

Mojọlá fi ẹ̀yìn ṣíbí kan ẹyin náà, ó bó èèpo rẹ̀ láti orí, ó wo inú rẹ̀, ó sì jù ú sínú garawa. Òròmọdìyẹ náà ti hu ìyẹ́ tán. Ó mú òmíràn. Bákan náà ni. Láti òwúrọ̀ ló ti jókòó sẹ́yìn ilé, ní abúlé wọn lẹ́bàá Anié, tó ń fọ́ ọgọ́fà ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò fẹ́ kó wọn dànù láìwò. Ó fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n kú, kó lè mọ ibi tí ẹ̀bi wà: lára adìyẹ, lára ẹ̀rọ, tàbí lára èèyàn.

Gbogbo wọn ló kú ní ọjọ́ kọkàndínlógún. Ọjọ́ méjì péré ló kù kí wọ́n jáde.

Colette, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ rẹ̀, yọjú láti ibi ìdáná.

"O ò ní dá a dúró kí o jẹun?"

"Bí mo bá dá a dúró, wọ́n á máa rùn, Àǹtí."

"Wọ́n ti ń rùn."

"Ẹ bá mi bu eérú wá nígbà náà."

Kì í ṣe pé kò mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó lọ ra bátìrì ní Atakpamé. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ọgọ́rin wáàtì ni àpótí ìsàba rẹ̀, ẹ̀rọ oníná tó ń pa ẹyin, ń jẹ, àti pé iná kì í sábà lọ ju wákàtí mẹ́rin lọ. Bátìrì tó bá gbé e fún wákàtí mẹ́fà ti tó, bó bá ṣáà lè ránṣẹ́ sórí fóònù lójú ẹsẹ̀ tí iná bá lọ, kí èèyàn lè tètè wá nǹkan ṣe. Aymar tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ gbé ọ̀kan tó tóbi bí àpótí aṣọ síwájú rẹ̀.

"Màmá, èyí á gbé tẹlifíṣọ̀n, á gbé fìríìjì, á gbé fáànù méjì."

"Tẹlifíṣọ̀n kì í sàba."

Aymar rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin màmá Anié, ẹ le o. Ẹ wo kékeré yìí nígbà náà. Ó ń gba síìmù. Iná lọ báyìí, àtẹ̀jíṣẹ́ dé báyìí. Àmọ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń gbà. Èyí tó wà lókè lọ́hùn-ún ń gba márùn-ún, ó sì fi ìlọ́po méjì wọ́n jù ú lọ."

"Kí ni mo fẹ́ fi èèyàn márùn-ún ṣe? Ẹnì kan tó bá ń gbọ́ ti tó."

Òun fúnra rẹ̀ ni ì bá jẹ́ ẹnì kan náà. Ṣùgbọ́n Bàbárímisá, bàbá ọkọ rẹ̀, ní ìròyìn ilé òun kò ní kọjá lára òun lọ bá ẹlòmíràn. Ẹ̀ṣọ́ igbó tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ń ka Faransé, fóònù rẹ̀ kì í sì í kúrò lápò. Mojọlá rò ó wò: bàbá kì í kúrò nílé, òun a sì máa sùn ní Moretan ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Ó gbà. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ ẹ́: "Bàbá, bó bá ti dún, ẹ pè mí."

Fóònù bàbá dún ní Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́: iná ti lọ. Moretan ni Mojọlá wà, ó ń ra àgbàdo oúnjẹ adìyẹ. Nígbà tó di aago mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò pè é, òun ló pe ilé.

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan kan?"

"Kò sí nǹkan kan, ìyàwó mi. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Máa ra àgbàdo rẹ."

Bátìrì gbé àpótí náà fún wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ṣe ju ohun tó wà nínú ìwé lọ. Iná kò sì dé mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ọyẹ́ sì mú. Ike omi gbígbóná mẹ́rin àti aṣọ ìbora méjì ni Colette ì bá fi gba ẹyin náà là, ká ní ẹnì kan sọ fún un.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tí Mojọlá dé, bàbá gbé àga fún un. Colette gbé omi wá, wọ́n ní kó mu ún tán. Ó ń mu ún, ó ń ronú ẹni tó kú, torí omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún èèyàn mu nílé yìí kí wọ́n tó túfọ̀. Bàbá kí i kú ìrìn, ó béèrè ọjà, ó béèrè ọ̀nà, lẹ́yìn náà ló wúkọ́.

"Mojọlá, iná lọ lánàá."

Àná nìyẹn. Ní báyìí, Mojọlá fọ́ ẹyin tó kẹ́yìn. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó da garawa náà sí i, ó da eérú lé e, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó wọlé. Bàbárímisá jókòó ti àpótí ìsàba.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lo fóònù yín. Orí fóònù tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú bátìrì nìkan ni wọ́n ti lè pààrọ̀ nọ́ńbà náà."

"O fẹ́ yọ mí kúrò."

"Mo fẹ́ fi tèmi sí i."

"Ìwọ nìkan lo wà ní Moretan yẹn, láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́. Ta ni ì bá dì ọ́ mú? Ìròyìn burúkú, a máa ń jókòó sọ ọ́ ni."

"Kò tíì burú nígbà náà, Bàbá. Iná ló lọ."

Bàbá kọjú sí i. "Nígbà tí Òkè ọkọ rẹ kú lójú títì Atakpamé, ta ló wá sọ fún ọ? Ṣé orí fóònù ni mo ti jù ú lù ọ́?"

"Rárá. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ fi pa á mọ́. Mo ń se oúnjẹ sílẹ̀ dè é, ẹ jókòó níwájú mi, ẹ sì ń jẹ nínú rẹ̀."

Ọdún mẹ́rin nìyẹn. Kò sọ ọ́ rí.

Bàbá fa fóònù yọ, ó nà án sí i láìwo ojú rẹ̀. Mojọlá tẹ nọ́ńbà tirẹ̀ ránṣẹ́ sí bátìrì náà, ó dá fóònù padà, ó sì fa okùn iná yọ lára ògiri láti dán an wò. Bátìrì gbà á, gílóòbù inú àpótí kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Fóònù Mojọlá dún lápò rẹ̀. Ti bàbá kò dún. Ó ṣì dì í mú lọ́wọ́, ó ń wò ó, bí ẹni pé tirẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Mojọlá ki okùn iná padà. Ó di àwo ẹyin òfìfo mẹ́rin mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Ẹyin tuntun ń dúró dè é ní Elavagnon, wọn kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ nílẹ̀. Colette jáde, ó gbé ife omi dání.

"Mu díẹ̀ kí o tó lọ."

Mojọlá wo ife náà, ó wo ojú Colette.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan. Oòrùn ló mú."

"Bí kò bá sí nǹkan kan, Àǹtí, màá mu ún ní Elavagnon."

Ó ṣáná sí alùpùpù, ó sì lọ.